Bí mo ṣe fi socket so kọ̀ǹpútà ìsọ̀ pọ̀ mọ́ ti yàrá ẹrù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo, ìsọ̀ wọn kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Iwájú ni wọ́n ti ń tajà, yàrá ẹrù wà lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì wà níbi méjèèjì. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ pé bí aṣọ kan bá ti kúrò níwájú, kí iye tó kù lẹ́yìn dín lọ́gán. Èdè C ni mo fi kọ prógírámù méjèèjì, lórí Linux. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé kò ní máa jẹ dátà báyìí?" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Router kékeré yìí àti wáyà ti tó. Kò kan íntánẹ́ẹ̀tì."

Socket ni ẹnu ọ̀nà tí prógírámù kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọdún 1983 ló jáde nínú 4.2BSD, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, láti Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ìlànà yẹn náà la ṣì ń lò nínú Linux dòní. Prógírámù ẹ̀yìn ni server, ìyẹn èyí tó ń dúró de ìpè: ó pe socket(), ó fi bind() gba port 5000 (nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí wọ́n á gbà wọlé), ó pe listen() láti máa tẹ́tí, ó wá dúró sórí accept() títí ẹnì kan á fi pè é. Ti iwájú kò ní wàhálà: socket(), lẹ́yìn náà connect() tó ń pe server, ó parí. Àmọ́ ẹ ṣọ́ ibì kan: htons(5000) ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ 5000 lásán. Kọ̀ǹpútà tá à ń lò káàkiri máa ń to báìtì nọ́ńbà (àwọn ègé kéékèèké tó fi ń tọ́jú rẹ̀) láti ẹ̀yìn wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì fẹ́ ẹ láti iwájú; htons() ló ń yí i padà. Bí ẹ bá fo htons(), port 34835 ni prógírámù yín máa lọ gbà, kò sì ní ké pè yín.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù rèé. SOCK_STREAM, ìyẹn TCP, irú socket tí mo lò, ṣèlérí pé báìtì máa dé bó ṣe tò, pé ti àárín kò sì ní sọnù. Kò ṣèlérí pé ibi tí ẹ gé ọ̀rọ̀ yín sí ni ẹni kejì máa bá a. Bí èèyàn bá da igbá omi mẹ́ta sínú páìpù, ẹni tó ń gbe omi nísàlẹ̀ kò lè tọ́ka sí ibi tí igbá àkọ́kọ́ parí sí. send() ló ń fi báìtì ránṣẹ́, recv() ló ń gbà á. send() mẹ́ta lè bọ́ sínú recv() kan ṣoṣo. Send() kan sì lè pín sí recv() mẹ́rin. Bí prógírámù méjèèjì bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, èyí kì í sábà hàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń kọ́ni fi ń gbójú fò ó.

Mo fẹ́ fojú ara mi rí i, ni mo bá kọ prógírámù kékeré kan tó ń fi báìtì ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń sinmi díẹ̀ láàárín wọn. Orúkọ aṣọ ni mo fi dán an wò: àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Lójú tiwa, lẹ́tà mẹ́wàá àti àlàfo kan ni. Nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, báìtì 23 ni. Lẹ́tà ẹ nìkan jẹ́ mẹ́ta, E1 BA B9. Bí àmì òkè bá gun orí rẹ̀, CC 81 á tún tẹ̀ lé e, ó di márùn-ún. Mo tẹ gbogbo ohun tí recv() ń mú wá sójú kọ̀ǹpútà: E1 dá dé, BA dá dé, ìgbà tí B9 dé ni lẹ́tà náà tó pé. Ẹni tó bá ń fi Yorùbá ránṣẹ́, tó gbára lé recv() kan fún odidi ọ̀rọ̀, àárín lẹ́tà ló máa gé e.

Torí náà, gígùn ló ń ṣíwájú gbogbo iṣẹ́ tí iwájú bá rán. Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́, tí mo ti fi htonl() tò (iṣẹ́ htons() ló ń ṣe, fún nọ́ńbà báìtì mẹ́rin), ló ń sọ iye tó ń bọ̀. Server á gba mẹ́rin yẹn pé, bó bá sì ju 4096 lọ, á ti ìlà pa, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi nọ́ńbà gọbọi da ìrántí kọ̀ǹpútà rú. Lẹ́yìn náà ló máa gba ìyókù:

```
int gba_gbogbo(int s, char *buf, size_t iye) {
    size_t ti_gba = 0;
    while (ti_gba < iye) {
        ssize_t n = recv(s, buf + ti_gba, iye - ti_gba, 0);
        if (n <= 0) return -1;
        ti_gba += n;
    }
    return 0;
}
```

send() náà lè mú díẹ̀ kó fi ìyókù sílẹ̀, nítorí náà ó ní lúùpù tirẹ̀, pẹ̀lú MSG_NOSIGNAL, kí SIGPIPE (àmì kan tí Linux ń fi ránṣẹ́) má bàa pa prógírámù nígbà tí ẹni kejì bá ti lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Bí prógírámù iwájú bá fọwọ́ ara rẹ̀ ti socket, recv() á dá 0 padà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ lójijì, kò sí ẹni tó máa dágbére. Server á máa dúró de báìtì tí kò ní dé láé. SO_KEEPALIVE, tó ń béèrè bóyá ẹni kejì ṣì wà, wà fún irú èyí, àmọ́ lórí Linux, ìṣẹ́jú àáyá 7200 ló máa ń dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni. Wákàtí méjì gbáko, lọ́jọ́ ọjà! Mo sọ TCP_KEEPIDLE (ìdúró kó tó béèrè) di ìṣẹ́jú àáyá 30, TCP_KEEPINTVL (àlàfo láàárín ìbéèrè) di 10, TCP_KEEPCNT (iye ìgbà tó máa béèrè) di 3. Kọ̀ǹpútà iwájú kò ní bátìrì, mo yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, server ti padà sórí accept().

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni owó wọn. send() tó ṣàṣeyọrí kò fi hàn pé ẹ̀yìn ti rí i gbà. Kernel tìhín, ìyẹn ọkàn Linux lórí kọ̀ǹpútà tó ń ránṣẹ́, ló gbà á lọ́wọ́ yín. Aṣọ tí wọ́n tà tí kò wọ ìwé, ìjà ló ń dá sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Torí náà gbogbo títà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Iwájú á kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú fáìlì, kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yìn á kọ tirẹ̀, á pe fsync() kó lè wọ inú dísìkì gan-an, ìgbà yẹn ló tó máa fi nọ́ńbà náà fèsì. Bí èsì kò bá dé, iwájú á tún un rán. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti wà lẹ́yìn, kò ní yọ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, èsì nìkan ló máa tún fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ta àdìrẹ oníko kan, mo fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ, mo dá a padà, iye ẹ̀yìn sì dín ẹyọ kan péré. Wọ́n ní, "Tún fà á yọ kí n wò ó dáadáa." Mo tún fà á yọ nígbà tí wọ́n ta òmíràn, ẹyọ kan náà ló tún dín.