Bí ẹ ṣe lè sọ bismuth di òkúta aláràbarà
Mẹ́tàlì kan ni bismuth; kìlógíráàmù kan èyí tó mọ́ ti tó. Èyí tí wọ́n pò mọ́ òjé kò ní dára. 271°C ló ti ń yọ́, òjé sì fẹ́ 327°C, nítorí náà àdògán eléèédú ká a. Ìkòkò stainless ni kí ẹ lò, ẹ má sì tún fi se ọbẹ̀ mọ́.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú awò ojú àti ìbọ̀wọ́ awọ. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò ní Àkúrẹ́, ẹ kọ́kọ́ yan ìkòkò àti ṣíbí lórí iná kí wọ́n gbẹ. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè mú kí mẹ́tàlì yíyọ́ ta sí yín lára.

Tó bá yọ́ tán, ẹ fi ṣíbí ha èérí ojú rẹ̀ kúrò títí yóò fi máa dán bíi dígí. Ẹ pa iná, ẹ dé e, ẹ gbé e sórí yanrìn gbígbóná. Sùúrù ni iṣẹ́ yìí wà fún o: tó bá yára tutù, wẹ́wẹ́ ni yóò dì. Ẹ máa mi ìkòkò wò. Tí ojú rẹ̀ bá dì dé ìdajì, tí àárín ṣì ń mì, ẹ fi ẹ̀mú gbé e, ẹ da èyí tó ń ṣàn sínú ìkòkò mìíràn. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ jù, gbogbo rẹ̀ á dì pọ̀.

Ohun tó kù nísàlẹ̀ á dà bí àtẹ̀gùn onígun mẹ́rin, pupa, yẹ́lò, búlúù. Ọ̀dà kọ́ o. Afẹ́fẹ́ ló fi èépá tín-ín-rín bò ó. Ẹ má jẹ́ kí ìyókù dì sínú ife dígí: bismuth máa ń wú tó bá ń dì, á sì fọ́ ọ.