Bí kírẹ́díìtì rẹ ò ṣe ní í sọnù tí o bá ń ti community college lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà

Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni mo kó ẹrù mi wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ wa. Kírẹ́díìtì 61, ìyẹn ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n ń kà fún ọ lórí kọ́ọ̀sì tí o bá ṣe yege, ni mo gbé lọ́wọ́ láti community college, ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì. 49 ni wọ́n kà mọ́ ẹ̀kọ́ tí mo wá kọ́. Wọ́n gba 12 tó kù náà, àmọ́ abẹ́ elective, kọ́ọ̀sì àṣàyàn, ni wọ́n jù ú sí: ó wà nínú ìwé mi, kò sì bá mi dín kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kù.

Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán ọgbà yunifásítì kiri, lọ wá àdéhùn kírẹ́díìtì tó wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ rẹ àti ibi tí o ń lọ. Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́ọ̀sì báyìí níhìn-ín bá kọ́ọ̀sì báyìí lọ́hùn-ún dọ́gba. Ní California, orí ìkànnì ASSIST ni wàá ti rí i. Níbòmíràn, bi olùdámọ̀ràn rẹ. Èyí tó jẹ mọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ gan-an ni kí o kà. Ibẹ̀ ni èmi ti ṣìnà. Obìnrin kan sọ fún mi lórí fóònù pé, "Gbogbo kírẹ́díìtì rẹ ló máa wọlé." Kò purọ́, wọ́n wọlé lóòótọ́. Èmi ni mi ò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kó wọlé, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n kà á. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣèlérí kan fún mi lẹ́nu, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni máa kọ ímeèlì sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí mo ṣe gbọ́ ọ yìí náà ló rí?"

Má da sílábọ́ọ̀sì kankan nù. Ẹ̀ka ìṣirò ní yunifásítì sọ pé statistics tí mo ṣe kò kún tó tiwọn. Mo tú ilé, mo tú àpò, mo rí sílábọ́ọ̀sì náà nísàlẹ̀ báàgì kan tí mo ti fẹ́ jù sóde. Ohun tí a kọ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, orúkọ ìwé tí a lò wà níbẹ̀. Mo so ó mọ́ lẹ́tà kúkúrú kan, mo ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n dá kírẹ́díìtì 4 padà fún mi. Mi ò rí sílábọ́ọ̀sì àwọn yòókù mọ́, olùkọ́ tó kọ́ mi ní ọ̀kan nínú wọn sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí 8 ṣe lọ nìyẹn.

Mọ̀ pẹ̀lú pé D kì í sábà kọjá ẹnu ọ̀nà. C sókè ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà. Bákan náà, kírẹ́díìtì lè bá ọ lọ, àmọ́ GPA, ìpíndọ́gba máàkì rẹ, kì í sábà tẹ̀ lé e. 3.7 tí mo fi ọdún méjì kó jọ dúró sílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ lóókan. Tí kọ́ọ̀sì inú ìwé rẹ ò bá tíì ju mẹ́rin lọ, máàkì burúkú kan ṣoṣo tó láti fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, nítorí náà má kó kẹ́mísírì àti ìṣirò méjì pọ̀ ní sẹ́mísítà àkọ́kọ́. Èmi kó wọn pọ̀. Ẹ má bi mí.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún ọ níbi àtijọ́ kì í dá tẹ̀ lé ọ. Padà sínú FAFSA rẹ, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, kí o fi kóòdù ilé ẹ̀kọ́ tuntun kún un. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ṣí i. Ní ọdún tèmi, wọ́n tún fọ́ọ̀mù náà ṣe, ó di ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2023 kí wọ́n tó ṣí i, ó sì di oṣù kẹta 2024 kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí a kọ. Ojoojúmọ́ ni màmá mi ń bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti ṣí i?" Lẹ́tà ìgbàwọlé dé ní oṣù kẹrin, kò sí lẹ́tà owó, yunifásítì sì ń béèrè bóyá mò ń bọ̀. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ sí i. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Béèrè, wọn ò ní í nà ọ́.

Pell Grant ni owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò tó, sẹ́mísítà 12 péré ló sì ní fún ẹnì kan láyé rẹ̀. Tí o bá tún kọ́ọ̀sì tí o ti ṣe ṣe, inú 12 yẹn náà ni o ti ń ná an. Tí o bá yá owó ìjọba àpapọ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún ọ lẹ́yìn tí o bá fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí sísan tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún kan sinmi láàárín ilé ẹ̀kọ́ méjì, kó yáa rántí.

Kí n tó ṣí, ìròyìn Washington kò kàn mí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ètò Biden láti dárí gbèsè ilé ẹ̀kọ́ ji àwọn ènìyàn, adájọ́ 6 sí 3. Ẹ̀gbọ́n alájọgbé mi obìnrin ti ń ṣírò ohun tí òun máa fi owó náà ṣe. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n béèrè ohun kan lọ́wọ́ olóṣèlú, máa ní kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba méjì nínú ìpínlẹ̀ kan náà máa ka kírẹ́díìtì ara wọn. Owó tí mo yá láti tún kírẹ́díìtì 8 ṣe, gbèsè ni òun náà, mi ò sì tíì gbọ́ ọ nínú ìròyìn rí.

Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi òfin yanjú èyí, nítorí náà fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ní àdírẹ́sì tuntun rẹ. Láti 1971 ni ọmọ ọdún 18 ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1979 sì gbè é lẹ́sẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè dìbò níbi tó ti ń kàwé. Mú ibì kan, ilé tàbí ilé ẹ̀kọ́, má mú méjèèjì. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò ni wọ́n ń pa ìwé dé, ìyẹn sì máa ń bọ́ sí ìgbà ìdánwò àárín sẹ́mísítà. Iwájú ilé ìkàwé ni mo ti ṣe tèmi, ní oṣù kẹsàn-án, níbi tábìlì kan tí wọ́n tẹ́ síta. Tó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lo fi wà níbí, má fọwọ́ sí nǹkan kan níbi tábìlì yẹn. Ó lè ba ìwé ìgbélùú rẹ jẹ́. Tìrẹ ni kí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ fi àkọsílẹ̀ SEVIS rẹ, èyí tí ìjọba fi ń tọ́jú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ránṣẹ́ sí èyí tuntun, kí wọ́n sì fún ọ ní I-20 mìíràn, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ń kọ fún ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: kọ́ọ̀sì kan ló kù kí n gba ìwé ẹ̀rí associate, ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì ti community college, nígbà tí mo ń lọ. Mo ṣe é ní yunifásítì, mo sì ní kí wọ́n fi transcript mi, ìwé èsì kọ́ọ̀sì mi, ránṣẹ́ padà sí community college. Ó ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi, tí o bá béèrè. Ìwé ẹ̀rí náà dé ní oṣù kẹta. Wọ́n fo lẹ́tà kan nínú sípẹ́lì orúkọ mi. Mo ti kọ ímeèlì sí wọn.