Búrọ́ọ̀ṣì ₦50,500 tí ọrùn rẹ̀ kán kí irun rẹ̀ tó gbó

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọfèrèsé ₦46,000, wébíìlì láti Èkó dé Kàbà ₦4,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦50,500, gíláàsì 60 péré ló sì fọ̀ tó fi kán. Kì í ṣe irun rẹ̀ ló gbó o. Irun rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán bí ọjọ́ tí mo tú u nínú ọ̀rá. Ọrùn ló kán, níbi tí ọ̀pá ti ń wọlé. Ó là láti ẹnu ihò dé ìdí irun, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ìlà yẹn á yanu bí ẹja. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Iṣẹ́ náà kò le. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun ni, ní ọ̀nà tó lọ sí Ọbájànà, fèrèsé onísíláìdì 44, gíláàsì méjì-méjì, 88 lápapọ̀, ara ìta nìkan. Ẹ mọ bí gíláàsì ṣe máa ń rí níbẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti jà tán: eruku ọyẹ́ lábẹ́, eruku pupa tí tírélà ń tú sókè lórí rẹ̀. Àdéhùn wa jẹ́ ₦500 lórí gíláàsì kan, ₦44,000. Bí a ṣe ń po ọṣẹ, bí a ṣe ń fọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, bí a ṣe ń ṣan án, mi ò ní kọ ìyẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ná, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé búrọ́ọ̀ṣì kò lè tó iye yẹn láéláé. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ní ₦3,500, mo ti lò ó. Tó bá fi máa fọ gíláàsì 20, irun rẹ̀ ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdọ̀tí ló kàn ń tì kiri. ₦175 lórí gíláàsì kan nìyẹn. Búrọ́ọ̀ṣì ₦50,500 gbọ́dọ̀ fọ gíláàsì 289 kó tó lè sàn ju tọjà lọ. Tèmi fọ 60. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ₦842 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n ń san ₦500 fún mi!

Irun ni owó yẹn bá lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Irun ẹlẹ́dẹ̀ máa ń ha ìdọ̀tí tó ti gan dáadáa, àmọ́ ó máa ń já, jíìkì sì máa ń jẹ ẹ́ run. Náílọ́ọ̀nù le jù ú lọ, kì í sì í tètè já, ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi mu, ó sì máa ń rọ̀ tí ẹ bá rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́jú. Èyí tí wọ́n la orí irun rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ máa ń gbé omi púpọ̀, ó sì rọrùn lára gíláàsì, orí tí wọ́n là yẹn náà ló sì kọ́kọ́ máa ń jẹ tán. Náílọ́ọ̀nù tí wọn ò la orí rẹ̀ ni mo rà, torí eruku tó ti gan ni mo fẹ́ bá jà. Lórí irun, mi ò ṣìnà.

Tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tí wọ́n gé yí orí ọ̀pá àti inú ihò búrọ́ọ̀ṣì ká kí wọ́n lè yí wọnú ara wọn, ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹni tó ta ọ̀pá fún mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tí kò ní wọ̀ ọ́.” Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oríṣi tírẹ́ẹ̀dì méjì ló wọ́pọ̀ jù lórí ọ̀pá búrọ́ọ̀ṣì. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Acme, jẹ́ ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin ní ìbú, ìyẹn mílímítà 19, eyín 5 ló sì wà nínú ínṣì kan. Ti Yúróòpù sanra jù ú lọ, ó tó nǹkan bíi mílímítà 22. Téèyàn bá kàn fojú wò wọ́n lórí àtẹ, kò ní rí ìyàtọ̀. Ọ̀pá mi jẹ́ Acme. Búrọ́ọ̀ṣì jẹ́ ti Yúróòpù.

Mo yí i wọlé. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó bá fò, torí ihò gbà ju ọ̀pá lọ, eyín ò sì pàdé eyín. Mo wé tẹ́ẹ̀pù funfun tí púlọ́ḿbà ń lò mọ́ ọn, odindi ìdì kan, ó sì mú. Gbogbo gíláàsì ìsàlẹ̀ lọ dáadáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo na ọ̀pá dé mítà 6 fún ti òkè ni orí búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dídí omi ni wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀pù yẹn fún, kò wà fún gbígbé ẹrù. Bí omi ọṣẹ bá ti wọ inú rẹ̀, ṣe ló ń yọ̀ bí ilá.

Ìdí tó fi kán rèé, ẹ fọkàn sí i dáadáa. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá bá ara mu, ògiri ihò yíká ló ń pín ẹrù náà gbà. Bó bá ń mì, ibi méjì péré ni ọ̀pá ń tì: etí ihò níwájú, àti ìdí ihò lẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti búrọ́ọ̀ṣì lọ sókè, tí ẹ sì fà á wálẹ̀, orí ọ̀pá ń hú ọrùn yẹn bí ìgbà téèyàn ń fi dígà hú òkúta. Ìmì kan náà kò jẹ́ kí irun balẹ̀ dọ́gba, apá kan ló ń fọ̀, èkejì ń lérí. Torí náà mo ń tẹ̀ ẹ́ gan-an kó lè ran. Títẹ̀ yẹn ló parí rẹ̀. Ní gíláàsì kẹtàdínlọ́gọ́ta ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró kékeré kan. Ní ọgọ́ta, ó là.

Mo fi gúlúù onítúùbù méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ lẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Láàárọ̀, ó ṣí kúrò ní odindi, bí ẹ̀fọ́ tó gbẹ mọ́ ojú abọ́. Pọ́lípírópílíìnì ni wọ́n fi ṣe ara ọ̀pọ̀ irú búrọ́ọ̀ṣì yìí, irú ike yẹn kì í sì í jẹ́ kí gúlúù lásán mú òun. Ẹ má fowó ṣòfò lórí gúlúù.

Bí mo ṣe ra búrọ́ọ̀ṣì kejì nìyẹn, ₦50,500 mìíràn. Mo gbé òun àti ọ̀pá lọ bá táńà tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ léètì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni! Ọjọ́ kìíní, kò sí iná. Ọjọ́ kejì, iná wà, ó mú ike náílọ́ọ̀nù funfun, ó ní òun á gé tírẹ́ẹ̀dì méjì sí i, ọ̀kan fún ọ̀pá, ọ̀kan fún búrọ́ọ̀ṣì. Ti ọ̀pá há, ó tún un gé, ó wá tú jù. Ike náà bàjẹ́, ilẹ̀ ṣú. Onílé ń pè mí, ó ń béèrè pé ṣé gíláàsì 28 tó kù ni wọ́n máa fi wo àlejò.

Ọjọ́ kẹta, kí n tó fi “Òkun o” kí i tán ni táńà ti ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí la tiẹ̀ fẹ́ fi tírẹ́ẹ̀dì ọ̀pá ṣe?” Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. A lu ríbẹ́ẹ̀tì orí ọ̀pá jáde, a yọ ike Acme tó wà níbẹ̀ kúrò, ọ̀pá ku páìpù lásán. Ó gé náílọ́ọ̀nù tuntun ní sẹ̀ǹtímítà 12: sẹ̀ǹtímítà 7 dán, ó wọ inú páìpù dẹ́dẹ́, kò mì, kò sì há; sẹ̀ǹtímítà 5 tó kù ló gé tírẹ́ẹ̀dì sí, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì dán an wò ní gbogbo ìgbà tó bá gé e díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lu ihò méjì la páìpù àti náílọ́ọ̀nù já, wọ́n dábùú ara wọn, a fi bóòtù mílímítà 4 dè é. ₦7,000. Búrọ́ọ̀ṣì yí wọlé ní ìyípo mẹ́rin, ó sì dúró gbọn-in. Mo na ọ̀pá tán, mo gbọ̀n ọ́n, orí rẹ̀ kò mì rárá. Inú mi dùn débi pé mo fọ gíláàsì 28 yẹn kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹ gbé ọ̀pá yín dání lọ sí ìsọ̀. Ẹ yí búrọ́ọ̀ṣì sí i níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tà á. Bí kò bá yí tó ìgbà mẹ́rin kó tó dúró, ẹ má san kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ máa fi ránṣẹ́ rà á láti Èkó tàbí Ìlọrin, ẹ ní kí wọ́n fi rúlà wọn ihò, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ wo ọrùn náà pẹ̀lú: ike tó yí ihò ká yẹ kó nípọn tó mílímítà 4, ó kéré tán. Tèmi àkọ́kọ́ kò tó 3.

Ohun kan tún wà tó lè pa irun, bí ọrùn tiẹ̀ dára. Ní ilé tuntun, símẹ́ńtì máa ń ta sí gíláàsì, àwọn onítáìsì sì máa ń fi ásíìdì sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Ásíìdì máa ń mú kí irun náílọ́ọ̀nù gan, kó sì máa ṣẹ́, ó sì tún máa ń jẹ férémù alúmínọ́mù. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi rẹ símẹ́ńtì náà títí á fi rọ̀, kí ẹ wá fi abẹ tuntun ha á, kí abẹ dùbúlẹ̀ dáadáa, kí gíláàsì tutù rin, iwájú nìkan ni kí ẹ máa tì í sí. Bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, iyanrìn tó há sábẹ́ abẹ á ya gíláàsì.

Omi náà ní tiẹ̀. Omi bohóòlù tó gbẹ lórí gíláàsì máa ń fi àmì funfun sílẹ̀, ẹ sì lè máa rò pé búrọ́ọ̀ṣì ni kò ran, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Omi òjò ni mo ń lò fún ìṣan ìkẹyìn, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ páànù dáadáa.

Tí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń ṣan irun pẹ̀lú omi lásán, mo ń gbọ̀n ọ́n, mo sì ń fi ìṣó gbé e kọ́ sí ibòji. Kì í fi irun dúró nílẹ̀ láéláé, torí bí irun bá sùn mọ́jú, kì í sábà jí mọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì kejì ti fọ gíláàsì 412 báyìí. Bí mo ṣe ṣírò owó táńà mọ́ ọn, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦140 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí irun igun òsì nìkan ló ti ń tẹ̀ díẹ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń tì í, mo sì ti ń yí ojú rẹ̀ padà lẹ́yìn fèrèsé mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ti àkọ́kọ́, mo fi kílíìpù họ́ọ̀sì méjì fún ọrùn rẹ̀ pọ̀, mo fi igi kúkurú bọ̀ ọ́. Fèrèsé ìsàlẹ̀ nìkan ló ń fọ̀, kò sì tíì là kọjá ibi tó là dé.