Bí Ẹ Ṣe Lè Tọpa Orúkọ Bẹtẹ́sídà Kí Ẹ Tó Fi Kọ́ Èèyàn

Tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́ kíláàsì Bíbélì ní Jòhánù orí 5, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "Bẹtẹ́sídà, ilé àánú" kí ẹ sì kọjá lọ. Èmi náà fẹ́ràn ìtumọ̀ yẹn. Àmọ́ orúkọ adágún omi yìí, níbi tí Jésù ti wo ọkùnrin aláìsàn kan sàn, ní gbòǹgbò tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń dùn mí tí ọmọ kíláàsì bá jáde láìmọ̀ pé ibẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀ ayé, tí èèyàn lè fojú rí i. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Ẹsẹ kejì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan kà á sókè, kí ẹ wá kọ àwọn ohun tó tọ́ka sí ibẹ̀ sára pátákó: Jerúsálẹ́mù, bodè àgùntàn, adágún omi, ìloro márùn-ún. Ẹ má tíì fẹnu kan ìtumọ̀ kankan. Àwọn àmì wọ̀nyí la ó fi yẹ ibi tí wọ́n bá fi hàn wá wò. Fún bodè àgùntàn, ẹ ṣí Nehemáyà 3:1, níbi tí Élíáṣíbù olórí àlùfáà àtàwọn arákùnrin rẹ̀ ti tún un kọ́. Apá àríwá tẹ́ḿpìlì la ń lọ nìyẹn.

Ó wá kan orúkọ. "Bẹ́tì" ni ilé. Ẹni tó bá ti mọ Bẹ́tẹ́lì àti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ò ní pẹ́ gbá a mú. Apá kejì ló ní àríyànjiyàn. Lédè Árámáíkì, "hesda" ni àánú, ibẹ̀ ni "ilé àánú" ti wá. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1952, wọ́n rí ìwé kíká kan tí wọ́n fi bàbà ṣe nínú ihò àpáta kan ní Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú. Ọ̀mọ̀wé J. T. Milik ka orúkọ kan nínú rẹ̀ tó jọ Bẹtẹ́sídà, àmọ́ tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún omi tó ń tú jáde, tí ìparí rẹ̀ sì fi hàn pé nǹkan méjì ni. Gbogbo ọ̀mọ̀wé kọ́ ló gbà pé bó ṣe yẹ kó kà á nìyẹn. Ẹ sọ méjèèjì fún kíláàsì yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi "méjì" yẹn sọ́kàn.

Ẹnì kan lè nawọ́ sókè pé òun ò rí Bẹtẹ́sídà nínú Bíbélì òun. Ẹ má bá a wí. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ò fẹnu kò lórí orúkọ náà: Bẹtisátà ló wà nínú Sinaiticus, Bẹtisáídà sì ni Vaticanus kọ. Josephus, òpìtàn Júù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní, náà dárúkọ àdúgbò kan ní àríwá tẹ́ḿpìlì, Besétà, tó jọ èyí àkọ́kọ́ gan-an. Kí ẹ sáà ṣàlàyé pé Bẹtisáídà ìlú Fílípì, Áńdérù àti Pétérù, Gálílì ló wà, kì í ṣe ibí yìí.

Ibi tí mo ti máa ń pẹ́ jù ló kàn. Ẹ fún olúkúlùkù ní bébà àti pẹ́ńsù, kí wọ́n ya adágún onígun mẹ́rin, kí wọ́n sì fi ìloro márùn-ún sí i. Ẹ máa wò wọ́n. Wọ́n á fi ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́rin, pẹ́ńsù á wá dúró. Àwọn kan á pa á rẹ́, wọ́n á ya onígun márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n là á jà fúngbà díẹ̀, kí ẹ tó wá fa ìlà kan la àárín rẹ̀ já. Adágún ti di méjì, ìloro karùn-ún sì ti rí ibi dúró sí.

Cyril, bíṣọ́ọ̀bù Jerúsálẹ́mù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ti sọ bẹ́ẹ̀ gan-an: mẹ́rin yí i ká, ọ̀kan wà láàárín. Lọ́dún 333, arìnrìn-àjò kan láti Bordeaux kọ̀wé pé adágún méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìloro márùn-ún. Síbẹ̀, nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní àfiwé lásán ni márùn-ún yẹn, pé ìwé Mósè márùn-ún ló dúró fún. Ilẹ̀ wíwà tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1870 síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Ánà Mímọ́ nítòsí Ẹnubodè Kìnnìún, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn awalẹ̀pìtàn bá adágún ńláńlá méjì, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, ògiri nípọnnípọn sì dá wọn láàárín. Ojú ihò kan wà lára ògiri yẹn tí omi fi ń gba apá àríwá lọ sí gúúsù. Ẹ rí i pé "omi tó ń tú jáde" kì í ṣe àbá òfìfo.

Ìtàn tó tẹ̀ lé e, ẹ lè yára sọ ọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù tún ìlú náà kọ́, àwọn kèfèrí ń wá ìwòsàn níbẹ̀. Obìnrin kan, Pompeia Lucilia, fi ẹsẹ̀ tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ dúpẹ́. Àwọn Kristẹni kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sórí ògiri àárín náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún. Ṣọ́ọ̀ṣì Ánà Mímọ́ dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, Saladin, ọba Mùsùlùmí tó gba Jerúsálẹ́mù, sọ ọ́ di ilé kéwú lọ́dún 1192, ìjọba Ottoman fún ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1856, àwọn Baba Funfun, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì kan, sì ti ń tọ́jú rẹ̀ láti 1878.

Wọ́n á bi yín nípa áńgẹ́lì ẹsẹ kẹrin, tó ń sọ̀ kalẹ̀ wá rú omi náà. Ẹ sọ òtítọ́: ẹsẹ náà ò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ sí ẹsẹ keje, níbi tí ọkùnrin tó ti ṣàìsàn fún ọdún 38 ti fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa omi tí ń rú. Ẹ̀rí tirẹ̀ ò sí lábẹ́ àríyànjiyàn, òun sì ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ní kí wọ́n tọpa Sílóámù, adágún omi míì ní Jerúsálẹ́mù, bákan náà. Jòhánù 9:7 fúnra rẹ̀ ti sọ ìtumọ̀ orúkọ yẹn, àtẹ̀gùn òkúta tí wọ́n sì rí níbẹ̀ lọ́dún 2004 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tó ń bọ̀.