Mo fagi lé e, owó ṣì ń jáde: bí mo ṣe wá ẹni tó ń gé owó fíìmù lórí káàdì mi

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò sì ní í fi bò. Mo sọ fún iléeṣẹ́ kan tó ń gbé fíìmù sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé n ò ṣe mọ́. Wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àwọn ti gbọ́, pé mo ṣì lè máa wò ó títí oṣù tí mo ti sanwó rẹ̀ yóò fi pé. Oṣù pé. Kò pẹ́ sí i ni àlẹ́ẹ̀tì dún lórí fóònù mi: wọ́n ti tún yọ owó. Mo ní bóyá àṣìṣe ni. Nígbà tí oṣù mìíràn yí po, wọ́n tún yọ ọ́, kọ́bọ̀ kan ò dín. Àsìkò owó iléèwé ni, kò sí náírà kan nínú àkáǹtì yẹn tí n kò tíì mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé ṣebí owó kékeré ni, kò tíì jókòó ṣírò owó oṣù rí.

Kì í ṣe pé mo kórìíra fíìmù. Owó wọn ló ń gòkè ju agbára lọ. Ẹ wo Netflix tí gbogbo ayé mọ̀: lọ́dún 2024 nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi owó lé e ní Nàìjíríà. Premium, ètò wọn tó wọ́n jù, tó jẹ́ ₦4,400 di ₦5,000 ní oṣù kẹrin, nígbà tó fi máa di oṣù keje ó ti di ₦7,000. Iléeṣẹ́ tèmi, tí kì í ṣe Netflix, náà gbé owó tiẹ̀ sókè, mo bá ní kí n sinmi. Fífagi lé e lórí wẹ́ẹ̀bù kò ṣòro, n ò ní í fi í gba àkókò yín: ẹ wọ inú àkáǹtì yín, ẹ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ owó wà, ẹ tẹ Cancel, kí ẹ sì dúró de ímeèlì. Mo ṣe gbogbo èyí. Ímeèlì náà wà níbẹ̀ dòní.

Mo kọ̀wé sí kọ́sítọ́mà kíà wọn. Wọ́n ní kò sí ètò kankan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ímeèlì mi, pé tèmi ti parí. Mo ya àwòrán àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n lọ bi báńkì mi. Mo gba Dùgbẹ̀ lọ, mo tò sórí ìlà. Báńkì ní owó wẹ́ẹ̀bù ni, kí n lọ bi ẹni tó gba owó. Mo padà sọ́dọ̀ àwọn onífíìmù. Ẹlòmíràn ló dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn fà á rí mọ bó ṣe ń rí. Ẹ ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ ó tún un kọ, wọn á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún sùúrù nígbà tí sùúrù ti tán nílẹ̀ yín, kò sì sí ẹni tó máa bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó lè tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Ọmọbìnrin tó jókòó ní báńkì bi mí pé, "Mà, ṣé ẹ ò ka OTP yín fún ẹnikẹ́ni?" Ìbéèrè yẹn dùn mí wọra. Kò sí OTP kankan, ìyẹn kóòdù ìgbà kan tí báńkì fi ń mọ̀ pé ẹni tó ni káàdì ló ń ná owó, tó wọ fóònù mi. Ká ní ó wọlé ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ẹnìkan fẹ́ ná owó mi. Ọ̀gá rẹ̀ ló jáde wá ṣàlàyé ohun tó yẹ kí wọ́n máa sọ fún gbogbo oníbàárà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba káàdì. Ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ fi káàdì sílẹ̀ fún owó oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń béèrè OTP tàbí PIN. Lẹ́yìn ìyẹn, kì í ṣe nọ́ńbà káàdì yín gan-an ni oníṣòwò ń lò mọ́. Àmì kan tó dúró fún káàdì náà, tí wọ́n ń pè ní token, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àṣẹ tí ẹ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló sì ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí owó fi lè jáde lóru, láìsí OTP, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí nǹkan yín. Owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń yọ tí wọ́n sì ń dá padà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi káàdì sílẹ̀, wọ́n fi ń wò ó bóyá káàdì ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Àmọ́ kí ló dé tó jẹ́ pé mo ní láti gbóhùn sókè kó tó jáde?

Òun náà ló tún ní ká ti káàdì pa kí n gba tuntun. Mo kọ̀, mo sì tún máa kọ̀ bó bá di ọ̀la. Káàdì yẹn ni mo fi ń ra iná, òun ni mo fi ń ra dátà, n ò ní í tìtorí owó kan tí n kò pè dá gbogbo ìyẹn rú. Yàtọ̀ sí èyí, títi káàdì pa kọ́ ni fífagi lé ètò. Visa àti Mastercard ní ìlànà kan tí báńkì tó bá wà nínú rẹ̀ fi ń sọ nọ́ńbà káàdì tuntun fún oníṣòwò tí káàdì àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí owó oṣù má baà dáwọ́ dúró. Èèyàn á gba káàdì tuntun, owó á sì tún máa jáde lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì máa dá owó padà, orí káàdì tí wọ́n ti yọ ọ́ ni wọ́n sábà máa ń dá a padà sí. Ẹ má tètè pa káàdì tí owó yín ṣì máa gbà padà wálé.

Ohun tí mo béèrè dípò rẹ̀ ni stétímẹ́ǹtì, èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé. Mo fi èyí yangàn, torí pé kò sí ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn rẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. "WEB" àti nọ́ńbà gbọọrọ kan ni mo ń rí níbẹ̀. Lórí ìwé, gbogbo ọ̀rọ̀ wà ní kíkún. Mo tẹ́ ẹ sórí ìjókòó báńkì, mo fi báírò yí owó oṣù tí mo ti san tẹ́lẹ̀ ká, mo sì yí èyí tí wọ́n ń yọ lẹ́yìn tí mo fagi lé e ká. Wọn ò jọra. Ti tẹ́lẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ fíìmù náà ló wà níbẹ̀ tààrà. Ti ìsinsìnyí, GOOGLE ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìràwọ̀ kékeré kan, báyìí: *, kí orúkọ áàpù náà tó tẹ̀ lé e.

Ìràwọ̀ yẹn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún mi. Iléeṣẹ́ fíìmù kọ́ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yọ owó yìí. Ẹnìkan ti sanwó láti inú áàpù orí fóònù, Google Play ló sì ń bá wọn gba owó náà. Ètò tí mo fagi lé ti kú lóòótọ́. Òmíràn ló wà láàyè.

Ẹnu ọ̀nà tí ètò bá gbà wọlé náà ló gbọ́dọ̀ gbà jáde. Bí ó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bù wọn ni ẹ ti fi káàdì sílẹ̀, wẹ́ẹ̀bù wọn ni ẹ ti máa fagi lé e. Bí ó bá jẹ́ inú áàpù lórí Android, Google Play ni. Bí ó bá jẹ́ iPhone, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ wo Subscriptions. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kì í dá owó dúró níbì kankan nínú wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn kọ́sítọ́mà kíà mọ èyí dunjú. "Mà, ṣé Google Play tàbí Apple ni ẹ gbà sanwó?" Gbogbo ohun tí wọn ì bá bi mí kò ju ìyẹn lọ. Wọn ò bi mí. Wọ́n ń wo ímeèlì mi, wọ́n ń rí i pé ó ṣófo, wọ́n sì ń lé mi padà sí báńkì.

Mo ṣí Google Play tèmi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ àkáǹtì Google èyíkéyìí ni èèyàn lè fi káàdì sí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni tí mo ti fún ní káàdì mi lò. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ní kí n fi fíìmù sórí fóònù Màámi? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é o. Mo sì ti yọ ọ́ kúrò tipẹ́." Ó yọ áàpù kúrò lóòótọ́. Ọ̀fẹ́ ọjọ́ díẹ̀ sì ni, irú èyí tó jẹ́ pé kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wo ohunkóhun, wọ́n á kọ́kọ́ gba káàdì. Bí ọjọ́ bá ti pé tí ẹ kò fagi lé e, ó di owó oṣù fúnra rẹ̀. Ó bọ́ sí àsìkò tí mo fagi lé tèmi gan-an, ìyẹn ni owó tuntun náà fi jọ ti àtijọ́ lójú mi.

Ọ̀yọ́ ni Màámi wà. Àbúrò mi mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé Gmail wọn, a sì lè ṣe é láti Ìbàdàn, àmọ́ Google fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù wọn, G- pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà. Mo pè wọ́n. Màámi ní, "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé kéèyàn má ka irú nọ́ńbà yìí fún ẹnikẹ́ni." Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Wọ́n pa fóònù, wọ́n fúnra wọn pè mí padà sórí nọ́ńbà mi tí wọ́n mọ̀, wọ́n ní kí àbúrò mi náà sọ̀rọ̀ kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀, kí wọ́n tó kà á. Inú mi dùn sí wọn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣakọ ni kò lè ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó yá: àwòrán ìdánimọ̀ lókè, Payments & subscriptions, Subscriptions, Cancel. Mo tún yọ káàdì mi kúrò níbẹ̀ pátápátá. Inú Gmail Màámi tí wọn kì í ṣí ni gbogbo rìsíìtì kó jọ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GPA. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí yín. Wákàtí 48 lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó ni Google fún èèyàn láti béèrè owó padà tààrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tèmi ti kọjá ìyẹn nígbà tí wọ́n ń gbá mi síwá sẹ́yìn, ó wá di pé kí n kọ̀wé sí oníáàpù. Mo fi nọ́ńbà GPA ránṣẹ́ sí àwọn onífíìmù tó ní àwọn ò rí nǹkan kan, lójijì wọ́n rí i. Wọ́n dá owó oṣù tó kẹ́yìn padà. Ti oṣù àkọ́kọ́, wọ́n ní òfin àwọn kò gbà á, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó wo ìṣẹ́jú kan fíìmù nínú rẹ̀.

Ní báyìí, àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni mo ń lò fún irú owó yìí, iye tó máa jáde nìkan ló sì ń wà nínú rẹ̀. Ẹ má rò pé àkáǹtì òfìfo ti fagi lé nǹkan o. Bí owó kò bá sí, wọ́n á máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i títí, ẹ sì lè fi owó ọjà sí i lálẹ́ kí wọ́n gbé e láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi káàdì dọ́là orí íntánẹ́ẹ̀tì sanwó gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju èmi lọ. A rántí òpin ọdún 2022, tí àwọn báńkì ti dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù, tí ọ̀pọ̀ wọn sì dá a dúró pátápátá. Àsìkò yẹn ni ọ̀pọ̀ sá sí káàdì dọ́là. Lọ́dún 2025 ni àwọn báńkì kan tún ṣí ti náírà padà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe káàdì dọ́là yìí ló ń gba owó ìtanràn ní gbogbo ìgbà tí oníṣòwò bá wá yọ owó tí kò bá a níbẹ̀, wọ́n sì lè pa káàdì náà bó bá ṣẹlẹ̀ léraléra. Owó dọ́là náà kì í dúró sójú kan ní náírà. Láti oṣù kẹfà 2023 tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, $10 oṣù kan kì í ṣe $10 oṣù kejì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbowó oṣù ní náírà. Bí iléeṣẹ́ kan bá ń gba náírà, náírà ni kí ẹ san.

Owó oṣù àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò ni, kì í ṣe ti báńkì mọ́, nítorí náà FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ni mo kọ ẹ̀sùn sí. Mo so stétímẹ́ǹtì tí mo fi báírò yí, ímeèlì tí wọ́n fi sọ pé àwọn ti fagi lé tèmi, àti rìsíìtì GPA méjèèjì mọ́ ọn.