Láptọ́ọ̀pù yín yadi lórí Linux? Ẹ kọ́kọ́ wo MM

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa Linux yín rẹ́ torí pé láptọ́ọ̀pù ò dún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo tún Ubuntu (irú Linux kan) fi sí i látìbẹ̀rẹ̀, dátà lọ, kò sì dún. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní sípíkà ló jó, kí n lọ mówó wá. Irọ́ ni o, kò jó.

Ẹ wọ Settings, ẹ wo Sound. Tó bá jẹ́ HDMI (ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n) ló wà ní Output Device, tẹlifíṣọ̀n tí ò sí níbẹ̀ lẹ̀ ń kọrin fún. Ẹ yí i sí Speakers.

Tí kò bá tíì dún, ẹ ṣí terminal (ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ alsamixer, ẹ wá tẹ F6 kẹ́ ẹ fi mú káàdì ohùn yín gan-an (HDA Intel ló pọ̀ jù), torí èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde yẹn kì í sábà fi gbogbo ẹ̀ hàn. Ẹ máa rí òpó Master, Headphone, Speaker, ẹ wo ìsàlẹ̀ wọn dáadáa. MM ni pé wọ́n ti dí i lẹ́nu, OO ni pé ẹnu ẹ̀ ṣí. Tèmi, Master wà ní 100 rekete, Speaker ló wà ní MM! Ẹ gbé arrow dé orí ẹ̀, ẹ tẹ lẹ́tà M, ẹ fi arrow òkè gbé e sókè. Tẹ́ ẹ bá rí Auto-Mute Mode, ẹ sọ ọ́ di Disabled, torí ìdọ̀tí inú ihò earpiece lè mú kí láptọ́ọ̀pù rò pé earpiece wà lára òun, ló bá pa sípíkà lẹ́nu mọ́ (ẹ fẹ́ atẹ́gùn síbẹ̀ náà). Esc lẹ̀ ń tẹ̀ jáde. Kẹ́ ẹ wá tẹ:

speaker-test -c 2 -t wav

Obìnrin kan á máa pe Front Left, Front Right. Ctrl+C ló ń dá a dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa pè é lọ ni.

Tó bá ti ń dún tẹ́lẹ̀ tó kàn dákẹ́ lójijì, ẹ tẹ èyí kẹ́ ẹ fi tún ètò tó ń darí ohùn bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi sudo (àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà) sí i:

systemctl --user restart pipewire pipewire-pulse wireplumber

Ìyẹn fún Ubuntu 22.10 sókè, tó bá lọ́jọ́ lórí jùyẹn lọ, pulseaudio -k ni.

Dummy Output nìkan lẹ rí ní Output Device? Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, Linux ò rí káàdì yín rárá. Láptọ́ọ̀pù Intel tuntun ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, firmware SOF (ètò kékeré tí káàdì ohùn fi ń ṣiṣẹ́) ni ò sí lórí ẹ̀. Irú Linux tẹ́ ẹ ń lò ló máa sọ orúkọ ẹ̀: lórí Debian, sudo apt install firmware-sof-signed, alsa-sof-firmware ni ti Fedora, sof-firmware ni ti Arch. Tó bá ti wọlé, ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá kẹ́ ẹ tó tún un tàn.