Àwòrán kan ṣoṣo, ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta: fún ìpàdé iṣẹ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde

Plywood kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, tó èèyàn 64 láti jọ kun àwòrán ńlá kan. Kí káfíńtà gé e sí ègé 32. Èèyàn méjì ni yóò mú ègé kan, tábìlì 8.

Ẹ fi ọ̀dà olómi funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tó ṣáájú. Tó bá gbẹ, ẹ to gbogbo ègé pọ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán náà kọjá lórí gbogbo wọn. Ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba dára gan-an: kò sí ará Ìjẹ̀bú tí kò mọ̀ ọ́n, aṣọ ẹṣin àti ìlẹ̀kẹ̀ á sì fún olúkúlùkù ní nǹkan kùn. (Ojú ọ̀run lásán máa ń sú èèyàn, ẹ jẹ́ kó kéré.) Ẹ kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fa ọfà tó kọjú sókè. Ọfà yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, ni ẹsẹ̀ ẹṣin bá dorí kodò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó po àwọ̀ ojú ọ̀run sínú ike kan kí ẹ tó pín in. Bí tábìlì kọ̀ọ̀kan bá po tirẹ̀, búlúù á di oríṣi mẹ́jọ. Ẹ má bu omi jù, kí ọ̀dà má baà ṣàn.

Ẹni tó wọ léèsì ńkọ́? Ọ̀rá ńlá tí ẹ gé ihò orí àti ti apá sí.

Ìṣẹ́jú 40 tó fún kíkùn náà, ṣáájú oúnjẹ: bí wọ́n ṣe ń jẹun ni ọ̀dà ń gbẹ. Lásìkò òjò, ẹ kọjú fáànù sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n padà bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀lé ara: ìṣó wẹ́wẹ́ méjì fún ègé kan, sórí igi tí káfíńtà ti kàn sílẹ̀.